Kíláàsì Hindi ní Bódìjà: Ẹ̀kọ́ Dára, Ìwé Ìléwọ́ Kù Díẹ̀ Káàtó

Ọjọ́ Sátidé mẹ́fà ni mo fi lọ sí kíláàsì Hindi tí bàbá kan tí wọ́n ti gbé ní Delhi rí ń ṣe nínú pálọ̀ wọn ní Bódìjà, ₦15,000 ni mo sì san. Fíìmù Íńdíà ló gbé mi débẹ̀, ṣùgbọ́n orírun ọ̀rọ̀ ni kò jẹ́ kí n sá lọ.

Bàbá máa ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kan sójú pátákó, wọn yóò sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sínú Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Haath ni ọwọ́; hasta ni lédè Sanskrit, ó di hattha lẹ́nu àwọn tí wọ́n sọ Prakrit, èdè ẹnu àwọn ará ìlú láàárín Sanskrit àti Hindi, nígbà tí ó sì yá, t kan bọ́, fáwẹ́lì gùn láti dí àlàfo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sapta, eéje, ṣe gba inú satta di saat. Ẹni tí ó ti gbọ́ bí òrìṣà ṣe di òòṣà, tí egúngún di eégún, kò ní ṣàjèjì sí irú èyí.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni karma. Ó gba inú kamma di kaam, iṣẹ́ tí ènìyàn ń jí lọ ṣe láàárọ̀. Síbẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tún padà lọ yá karma gan-an nínú ìwé Sanskrit, òun ni wọ́n sì ń lò fún ìwà àti èrè rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ọ̀kan dàgbà sínú ọjà, èkejì kò kúrò nínú tẹ́ḿpìlì.

Ẹjọ́ mi wà lára ìwé ìléwọ́. Ó ka kitab (ìwé), dost (ọ̀rẹ́) àti vaqt mọ́ ọmọ Sanskrit, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni kitab àti vaqt, tí dost sì jẹ́ ti Páṣíà. Vaqt, tí í ṣe àkókò, ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí inú Lárúbáwá kan náà ni wákàtí tiwa ti ṣẹ̀. Mo sọ ọ́. Bàbá gbà, wọ́n ní àwọn yóò tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí òmíràn gbà títí a fi parí. Nígbà tí iná bá sì lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kì í jẹ́ kí a gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín t inú saat àti ti inú aath, tí í ṣe ẹẹ́jọ, èyí tí wọ́n ń ká ahọ́n sẹ́yìn pè.

Ẹni tí ó ń wá Hindi tí yóò fi nájà kò ní rí i níbẹ̀. Èmi ti san owó abala kejì, mo kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní àga tí ó jìnnà sí fèrèsé.