iNaturalist: Orúkọ tó kọ́kọ́ yọ, àbá ni

Nínú àwọn áàpù tó ń dá ewéko àti ẹranko ìgbẹ́ mọ̀, iNaturalist la gbẹ́kẹ̀ lé jù, torí pé èèyàn ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní ìpolówó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò ni pé wọ́n á tẹ orúkọ tó kọ́kọ́ yọ, ó parí. Fọ́tò tí àwọn èèyàn ti yà sílẹ̀ ni ẹ̀rọ fi kọ́ṣẹ́. Ewéko ìbílẹ̀ tí kò ní fọ́tò púpọ̀, ó lè fi orúkọ ìbátan rẹ̀ tó wọ́pọ̀ pè é. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ mú orúkọ ẹbí tó gbòòrò, àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Fọ́tò òdòdó kan ṣoṣo kì í tó. Ẹ ya òdòdó níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, bí ewé ṣe so mọ́ ẹ̀ka (ṣé méjì kọjú síra ni, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan?), èso, èèpo, àti gbogbo ìdúró rẹ̀. Ti olú, abẹ́ rẹ̀ ni kókó. Inú àkọsílẹ̀ kan náà ni kí ẹ kó gbogbo wọn sí. Fọ́tò tó bá gba orí WhatsApp kọjá ti pàdánù ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á, ẹ lo ojúlówó.

Kí àkọsílẹ̀ tó di Research Grade (ìpele tí àwọn olùṣèwádìí lè lò), ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, ibi, àti fọ́tò tàbí ohùn, kí iye àwọn tó fẹnu kò lórí orúkọ rẹ̀ sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ohun tó ń dùn wá jù ni igi tí wọ́n gbìn sí àgbàlá tí wọn ò sàmì sí pé wọ́n gbìn ín. Ó ń ba máàpù jẹ́: ibi tí igi náà kò ti lalẹ̀ hù rí ni yóò máa hàn bí ilé rẹ̀.

Bí ẹ̀yà kan bá wà nínú ewu, áàpù á fi ibi tó wà gan-an pamọ́ sínú àpótí tó fẹ̀ tó dígírì 0.2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi kìlómítà 22 nítòsí agbedeméjì ayé. Inú wa dùn sí èyí gan-an, ó ń dí ọdẹ àti àwọn tó ń jí ewéko wú lọ́wọ́. Bí kò bá ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ yan "obscured".

Seek, áàpù tó jẹ́ àbúrò iNaturalist, ló dáa fún ọmọdé, torí kò béèrè pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì jẹ olú.