Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ tó wà ní Yábàá yẹn: tísà dáa gan-an, yàrá ni ò dáa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ṣé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì yẹn tó owó tí wọ́n ń gbà, ìdáhùn yín nìyí. Mi ò ní dárúkọ wọn o, torí màá bú wọn díẹ̀ tó bá yá, mi ò sì fẹ́ wàhálà ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Yábàá ni, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Herbert Macaulay lápá Sábó, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ń múra sílẹ̀ fún IELTS (ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tó fẹ́ lọ sókè òkun máa ń ṣe), àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó fẹ́ jáà lọ Kánádà, Màmá kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé torí kí wọ́n lè máa bá àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní Ìlú Ọba sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni wọ́n ṣe wá.

Tísà yẹn gan-an lẹ ń sanwó fún. Àǹtí la máa ń pè wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè gbé kalẹ̀ fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n á yí i síwá yí i sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ wo ló ń bá a rìn, ibo ló ti máa ń jókòó, ibo ni kò gbọdọ̀ dé. Lẹ́sìn ibòmíì tí mo lọ, ṣe ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á kọ ìtumọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ lọ há a sórí, ó tán. Lọ́dọ̀ Àǹtí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tí mo gbádùn jù ni ìgbà tí wọ́n mú whisper.

Gbogbo wa la rò pé a mọ̀ ọ́n. Kí ló wà níbẹ̀ ná, sísọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, ó tán. Àǹtí ní ó dáa, ẹ gbé ọwọ́ lé ọ̀nà ọ̀fun yín, ẹ sọ orúkọ yín bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. A sọ ọ́, ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ wa. Wọ́n ní ó yá, ẹ sọ ọ́ sétí ẹni tó jókòó tì yín. Gbígbọ̀n yẹn dáwọ́ dúró pátápátá, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Wọ́n ní ìyẹn ni whisper, tí ọ̀fun bá ṣì ń gbọ̀n, bó ti wù kí ohùn yín rẹlẹ̀ tó, nǹkan míì lẹ ń ṣe. Wọ́n wá ní ká sọ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí ara wa, láìtẹ̀lé e bó ṣe tò. Háà! Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ ọ̀kan fún mi, mo ní ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko, ó ní rárá o, ọkọ òun lòun ń sọ. Yàrá dàrú fún ẹ̀rín. Torí ara gbígbọ̀n yẹn ni dò-rè-mí Yorùbá ń gùn, tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò, òkè ò sí, ìsàlẹ̀ ò sí mọ́, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló sábà máa ń jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé nígbà tá a bá ń sọ ọ̀rọ̀ sétí ara wa nílé. Èmi tí mo ti ń sọ Yorùbá látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan lílò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń sọ pé "he whispered me", Àǹtí ní ká yéé sọ ọ́, to gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, whispered to me, tàbí kẹ́ ẹ sọ nǹkan tó sọ kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún. In a whisper náà wà. Tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ pé ohùn ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́, wọ́n á ní barely above a whisper, èyí wúlò gan-an tẹ́ ẹ bá ń sọ ìtàn. Not a whisper ń kọ́, ìyẹn ni pé a ò gbúròó rárá. Ewé àti afẹ́fẹ́ náà máa ń whisper, àmọ́ Àǹtí ní inú ìwé ìtàn àti ewì nìyẹn pọ̀ sí, ká má lọ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tá a fẹ́ kọ sí báńkì. Mo fẹ́ràn kí tísà máa sọ irú nǹkan báyẹn.

Ibi tí kíláàsì ti wá gbóná ni ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò lára ohùn tó di wúyẹ́wúyẹ́. It is whispered that, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó lè pariwo ẹ̀ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókèèrè gbọ́, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kò sẹ́ni tó máa jáde wá sọ pé òun lòun sọ ọ́. Whispering campaign ni wọ́n ń pè é tó bá jẹ́ pé wọ́n dìídì ń tan ọ̀rọ̀ burúkú kálẹ̀ nípa ẹnì kan. Ta ló nílò àlàyé ní Èkó, tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé kò sẹ́ni tó máa gun orí pèpéle lọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa bá níbẹ̀, kódà wọ́n á tún mọ iye ilé tí olóyè ọ̀hún ní ní Lẹkí. Stage whisper náà wà, Àǹtí fi sinimá wa ṣàlàyé ẹ̀: ìyàwó kékeré á yíjú sápá kan, á sọ gbogbo ètekéte ẹ̀, ìyáálé tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò ní gbọ́ nǹkan kan, àwa tá a wà nílé á gbọ́ ọ délẹ̀.

Wọ́n tún sọ̀rọ̀ lórí horse whisperer, pé ọmọ Ireland kan tó ń jẹ́ Daniel Sullivan ló gba orúkọ the Whisperer ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn torí ó máa ń tu ẹṣin tó le lójú, àwọn èèyàn rò pé ṣe ló ń sọ nǹkan sí i létí. Àti ilé ìjọsìn St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù, òkè àtẹ̀gùn 257 níbẹ̀ ni Whispering Gallery wà, ọ̀nà róbótó kan lábẹ́ òrùlé ńlá yẹn, tẹ́nì kan bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sára ògiri lápá kan, ògiri á gbé e yí po dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lódìkejì. Màmá ní òun ò rí nǹkan tuntun níbẹ̀, ṣebí ògiri létí látọjọ́ aláyé ti dáyé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìbátan whisper ò gba àkókò púpọ̀. Mutter ni ti kọ́ńdọ́ tẹ́ ẹ bèèrè ṣéńjì lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń kùn sínú. Mumble ni ti ẹni tí kì í lanu dáadáa, ìyẹn sì léwu fún àwọn tó ń lọ fún IELTS, torí ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni apá tẹ́ ẹ ti máa sọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì ń gba ohùn yín sílẹ̀. Murmur ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì pariwo pé heart murmur, ìyẹn ìró tó ṣàjèjì nínú ọkàn, Àǹtí ní ẹ ṣeun, òun náà ni. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ló fi kún un pé tí ohùn bá ti há látàrí ariwo òwàḿbẹ̀, kéèyàn má rò pé sísọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló máa fún ọ̀fun nísinmi, ó lè ni ín lára sí i, kéèyàn kúkú dákẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bú wọn wàyí. Yàrá yẹn gbóná! Fáàn méjì, ọ̀kan ò ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ àwọn atúnfóònùṣe wà lábẹ́ fèrèsé wa gan-an, wọ́n sì ní whisper ò ju nǹkan bíi 30 decibel (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó) lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ lásán tó 60, ẹ wá fojú inú wò ó bá a ṣe ń kígbe láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Aago márùn-ún ni wọ́n kọ síwèé, kò sígbà tá a bẹ̀rẹ̀ kí márùn-ún ààbọ̀ tó lù. ₦40,000 lóṣù, wọ́n á tún wá gba ₦5,000 lọ́tọ̀ fún matéríà, matéríà ọ̀hún ò sì ju fotokópì tí ojú ẹ̀ ti ṣú lọ, wisper ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, Àǹtí fúnra wọn ló mú bírò pupa tí wọ́n fi h sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó bí mi nínú jù ni listening, apá tí wọ́n ti máa ń gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí i kẹ́ ẹ fi dáhùn ìbéèrè. Nínú ìdánwò gidi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa gbé e sí i, ìbéèrè 40, tó bá ti kọjá ó kọjá. Fóònù ẹnì kan ni wọ́n fi ń gbé e sí i fún wa, tá a bá ti ní a ò gbọ́ wọ́n á dá a padà, kí lèèyàn fẹ́ kọ́ níbẹ̀ jàre? Nítorí náà tí ìdánwò yín bá ti sún mọ́lé, ẹ wá ibòmíì tẹ́ ẹ ti máa ṣe mock, ìyẹn ìdánwò ìdánrawò. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì máa jáde lẹ́nu yín bó ṣe yẹ, ẹ lọ, owó yín ò ṣòfò.

Ẹ̀yin ará Agége àti Ìjú, rélùwéè Red Line ló máa yá jù, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Yábàá, ẹ wá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sápá Sábó. Ẹ sọ fún wọn pé Mọ́ńdè àti Fúráìdè lẹ fẹ́, torí lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ọmọkùnrin kan ni wọ́n máa ń rán wá dípò Àǹtí, fóònù ẹ̀ ló sì máa ń tẹ̀. Ẹ má sì san ti oṣù méjì pọ̀ o, wọn kì í dá owó padà.