Ìwé Ìtọ́kasí Python: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dájú, àmọ́ ẹ ṣọ́ àwọn àmì kéékèèké

Ìwé ìtọ́kasí Python, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà, wà ní docs.python.org, òun ni a máa ń kọ́kọ́ júwe fún ẹni tó bá fẹ́ mọ kóòdù kọ ní Òṣogbo, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òkè-Baálẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tó ń fi fóònù kọ́ ọ nídìí ọjà rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ò ní forúkọ sílẹ̀, kò sì sí ìpolówó ọjà tó ń dí ojú ìwé. Ní ti àlàyé inú rẹ̀, ìwé ìtọ́kasí èdè kọ̀ǹpútà tó tó o kò pọ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ sójú ìwé: irú àmì tó yí kóòdù ká, àyè tó wà níwájú ìlà, ohun tí dáàṣì méjì máa ń dà kó tó dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló máa ń mú kí ẹni tó kọ́pì ìlà kan gẹ́lẹ́ bó ṣe rí i bọ́ sínú àṣìṣe, tí á wá rò pé orí òun ni kò gbà á.

Ní 2007 ni Georg Brandl kó ìwé náà kúrò nínú LaTeX, ètò ìtẹ̀wé kan, bọ́ sínú reStructuredText, ọ̀nà ìkọ̀wé tó ń fi àmì kéékèèké sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí, tó sì kọ Sphinx, ètò tó ń sọ ọ́ di ojú ìwé HTML, PDF àti EPUB. Látìgbà náà, fáìlì .rst tí èèyàn lè fi Notepad lásán ṣí ni gbogbo rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kó rọrùn láti tún ṣe. Àmọ́ reStructuredText le koko lórí àyè àti ìlà òfìfo, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wọlé.

Ibi tó ti gba máàkì jù lọ́wọ́ wa ni ìlà òkè tó ń fi function kọ̀ọ̀kan hàn, ìyẹn iṣẹ́ tó ní orúkọ tí ẹ lè pè nínú kóòdù. Ẹ wo ti sorted, tó ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ:

sorted(iterable, /, *, key=None, reverse=False)

Ohun tó bá wà ṣáájú àmì / yẹn, ipò rẹ̀ nìkan lẹ fi ń fún un, ẹ kì í dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó bá wà lẹ́yìn àmì *, dandan ni kí ẹ dárúkọ wọn. Nítorí náà, bí oruko bá jẹ́ àkójọ orúkọ, sorted(oruko, key=len) yóò ṣiṣẹ́, sorted(oruko, len) yóò sì mú àṣìṣe tí Python ń pè ní TypeError wá. Ìlà kan péré ló sọ gbogbo ìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá gbé atọ́ka sórí àmì / náà, àlàyé kékeré yóò yọ. Lórí fóònù kò sí atọ́ka tí ẹ máa gbé, bẹ́ẹ̀ fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò níbí. Àfi kí wọ́n lọ wá àlàyé náà nínú Programming FAQ, níbi tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ronú dé. Ní àwọn ojú ìwé kan, ẹ ó ṣì bá àkámọ́ onígun, irú bíi [, step], tó ń sọ pé ẹ lè yọ step sílẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ àkámọ́ yẹn sínú kóòdù yín o.

Ká wá dé orí àmì backtick, èyí tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì Esc lórí kíbọọ̀dù. Òun ló ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ jù, kì í ṣe nínú ìwé Python nìkan, nínú gbogbo ìwé tí wọ́n bá fi Sphinx ṣe ni. Ní reStructuredText, méjì-méjì ni wọ́n ń fi í sí ẹ̀gbẹ́ kóòdù. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa lo ẹyọ kan lórí GitHub, ojúlé tí wọ́n ń kó kóòdù pamọ́ sí, tàbí lórí WhatsApp á fi ẹyọ kan síbẹ̀, Sphinx ò sì ní pariwo. Lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni yóò fi gbé e jáde. Bí ibẹ̀ bá mọ ni, ọ̀rọ̀ ojú lásán ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí kò bá sí láàárín backtick méjì-méjì tàbí nínú àpẹẹrẹ kóòdù, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí, ó sì ní àṣà kan tó máa ń fi tún ọ̀rọ̀ lásán ṣe: dáàṣì méjì á di ọ̀kan tó gùn, àmì àyọlò tó dúró gbọnrangandan á di èyí tó tẹ̀ kọrọdọ.

Ẹ wo ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ. Ẹnì kan fẹ́ mọ Python tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọ́pì python –version tí dáàṣì rẹ̀ ti di ọ̀kan. Python kò mọ̀ pé àṣẹ ni. Orúkọ fáìlì ló pè é, ó ní òun kò rí fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣí, No such file or directory. Bó bá ṣe àmì àyọlò ló tẹ̀, èsì tí yóò jáde ni SyntaxError: invalid character '“' (U+201C). Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn U+ yẹn ni kí ẹ máa wò. 201C àti 201D jẹ́ àmì àyọlò tó tẹ̀. 2013 jẹ́ dáàṣì tó gùn. 00A0 jẹ́ àyè tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ sí àyè gidi, èyí tó sábà máa ń bá kóòdù tí a kọ́pì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Oògùn gbogbo wọn kò ju kí ẹ pa àmì náà rẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ ẹ́ padà.

Àwọn àṣìṣe yòókù máa ń pariwo nígbà tí Sphinx bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn sì sàn. Bí ẹ bá kọ *args láìfi backtick méjì-méjì sí i, yóò ní Inline emphasis start-string without end-string, torí ó rò pé ẹ fẹ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ẹ ò wá pa á dé. Orúkọ tó bá parí sí underscore (_), bíi class_, á rò pé líǹkì ni, á sì ní Unknown target name. Ìlà abẹ́ àkọlé tó bá kúrú ju àkọlé lọ, ó máa ń sọ ọ́: Title underline too short. Èyí tí kì í pariwo dáadáa ni àpẹẹrẹ kóòdù tí kò ní ìlà òfìfo ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn kólọ́ọ̀nù méjì (::) tó ń fi kóòdù hàn, ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ wá sún kóòdù wọlé pẹ̀lú àyè mẹ́ta. Àyè mẹ́ta ni òfin ìwé Python fún ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ àṣẹ Sphinx, mẹ́rin-mẹ́rin sì ni ti kóòdù Python fúnra rẹ̀ nínú ibẹ̀. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ á gé láàárín, ìdajì á di kóòdù, ìdajì á di ọ̀rọ̀.

Fún ìlú tí wọ́n ti lè mú iná lọ nígbàkigbà, tí dátà sì ń jẹ owó, ibi tí ìwé yìí ti wúlò jù ni pé ẹ lè gbé gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ yín lẹ́ẹ̀kan. Ojú ìwé Download ní HTML, PDF, EPUB àti ọ̀rọ̀ lásán. HTML ni kí ẹ mú. Ẹ tú u, kí ẹ ṣí index.html, líǹkì láti ojú ìwé kan sí òmíràn nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpótí ìwákiri náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè jẹ́ àkọlé nìkan ni yóò gbé wá, láìsí àyọkà ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. EPUB dára fún kíkà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ojú fóònù tóóró, ìlà kóòdù tó gùn á ṣẹ́ lulẹ̀, á sì dà bí ìlà tuntun. Ní Python, níbi tí àyè iwájú ìlà ti ní ìtumọ̀, ìyẹn lè ṣini lọ́nà.

Ẹ má kọ́pì kóòdù láti inú PDF rárá. Àyè iwájú ìlà sábà máa ń sọnù, IndentationError ni yóò kí yín káàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbé PDF Library Reference lọ sí business centre ní Ọláìyá pé kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀. Ó ju ojú ìwé 2,000 lọ. Apá Built-in Functions nìkan ti tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí fóònù àti dátà kò bá sí rárá, help(sorted) nínú Python fúnra rẹ̀ á fún yín ní kúkúrú.

Nǹkan kan wà tó kù díẹ̀ káàtó fún àwa tí à ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́. Ojú ìwé unicodedata ṣàlàyé NFC, NFD àti àwọn yòókù dáadáa, ìyẹn oríṣiríṣi ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó bá tiwa mu kò sí níbẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà ẹ̀ dán an wò: bí wọ́n bá kọ ọ́ ní NFC, len, tó ń ka iye ẹyọ, yóò fún yín ní 2, torí Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní ẹyọ kan fún ẹ tó ní àmì ohùn lórí, bí ó bá jẹ́ NFD, 3 ni. Èdè Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí ẹ lè yàn lókè ojú ìwé náà, Turkish àti Korean wà níbẹ̀. PEP 545, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àbá Python, ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

Máàkì 8 nínú 10 ni a fún un, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti bó ṣe rọrùn láti tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, tàbí nínú àkójọ tó ń ṣí lórí fóònù, ẹ tẹ Show source. Yóò gbé yín lọ sí fáìlì .rst náà lórí GitHub. Ẹ rí i pé ẹ̀ka main ni ẹ wà, kí ẹ tẹ àwòrán pẹ́ńsùlù, kí ẹ tún àmì náà ṣe, kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi pull request, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba àtúnṣe yín wọlé. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ̀rọ yóò ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní CLA. Láìfọwọ́ sí i, wọn ò ní gbà á. Ẹ ò ní láti fi Sphinx sọ odidi ìwé náà di HTML lórí ẹ̀rọ yín kí ẹ tó rí bó ṣe máa rí, ojúlé Read the Docs á gbé e jáde fún yín láti wò lórí pull request náà. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó fi ránṣẹ́, kó fi pip, ètò tó ń gbé irinṣẹ́ Python wọlé, gbé sphinx-lint wọlé, èyí tó ń wá àṣìṣe nínú fáìlì .rst, kó sì pè é lórí fáìlì kan ṣoṣo náà. Kò jẹ dátà púpọ̀, kò jẹ bátìrì. Bó bá sì di dandan kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di HTML fúnra yín, ẹ fi git clone --depth 1 gbé e wá kí ìtàn àtẹ̀yìnwá má jẹ dátà yín, ẹ wọ inú Doc, make venv, lẹ́yìn náà make html. Ti àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀, ẹ ṣe é nígbà tí iná bá wà.

Àṣìṣe tó ń ṣi òǹkàwé lọ́nà ni kí ẹ gbé lọ, ẹyọ kan nínú pull request kan. Ẹni tó bá kó ọgọ́rùn-ún fáìlì jọ torí kó lè to àyè wọn gún régé, wọ́n lè dá a padà. Ẹ má sì ṣe tún un ṣe ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan; àwọn olùṣọ́ ìwé náà ló máa ń gbé e láti main lọ sí àwọn ẹ̀yà Python tí wọ́n ṣì ń tọ́jú.