Kóòdù orí SMS tàbí áàpù: èwo ni kí ilé-iṣẹ́ fi ṣọ́ ímeèlì rẹ̀?

Kóòdù tí à ń sọ ni nọ́ńbà tí ẹ máa ń tẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà kí ẹ tó lè wọlé. Ní ti owó, kóòdù tí wọ́n ń fi SMS ránṣẹ́ àti áàpù bíi Google Authenticator kò fi bẹ́ẹ̀ náni ní nǹkan. SMS kò nílò fóònù olówó ńlá, ṣùgbọ́n kì í wọlé níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì. Áàpù ń ṣẹ̀dá kóòdù tuntun ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30 láìlo íntánẹ́ẹ̀tì.

Ewu ló yẹ ká fara balẹ̀ wò jù. Bí ọ̀daràn bá tan òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù jẹ, tí ó sì gba nọ́ńbà yín sórí síìmù tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo kóòdù SMS yín yóò máa bọ́ sí, ṣùgbọ́n kóòdù áàpù kò so mọ́ nọ́ńbà. Síbẹ̀, bí fóònù bá sọnù, ẹ lè gba síìmù mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, nígbà tí ẹni tó ń lo áàpù láìtọ́jú kóòdù ìpamọ́ (èyí tí a lè fi wọlé bí fóònù kò bá sí) sórí ìwé lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ayédèrú ojú ewé ìwọlé sì lè jí kóòdù méjèèjì.

Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ímeèlì pàṣẹ owó sísan ni áàpù yẹ jù. Fún oníṣòwò tí kò ní ju fóònù kékeré lọ, SMS sàn púpọ̀ ju ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan lọ.