Kílínììkì Dókítà Agbábọ́ọ̀lù l'Ádó-Èkìtì: Ó Dáa Títí Di Aago Méjì Ọ̀sán Sátidé

Ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹsẹ̀ tó rọ́ lórí pápá máa ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ rí sí ẹni tí ọkọ̀ gbá àti aboyún tó ń rọbí. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìdí rèé tí kílínììkì kékeré kan lójú ọ̀nà Ìyìn fi di ibi tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò ń gbé ara wọn lọ. Dókítà ẹbí ló ni ín, bàbá ọlọ́mọ ni, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbá ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ àwọn àgbà.

Ẹsẹ̀ yíyẹ̀wò ló mọ̀ jù. Kì í ní kí ènìyàn lọ ya X-ray kó tó fọwọ́ kàn án. Àtàǹpàkò ló fi ń tẹ ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀, tinú tòde, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Yóò tẹ ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀, níbi tí eegun ọmọ ìka kékeré ti bẹ̀rẹ̀, yóò tún tẹ eegun tó yọ díẹ̀ níwájú kókósẹ̀ inú. Lẹ́yìn náà, ó di kí onítọ̀hún rin ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Bí eegun wọ̀nyí kò bá dùn ún, tó sì rìn ín, kódà kó máa tiro, kò nílò X-ray. Ìlànà tí àwọn dókítà Ottawa ní Kánádà gbé jáde ní 1992 nìyẹn, owó tí kò yẹ kó jáde lápò kì í sì í jáde.

Yìnyín tí wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé ló kàn, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tún ṣe é. Yìnyín tí wọn kò fi nǹkan wé máa ń jó ara bí iná. Bándéèjì a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọmọ ìka, a máa gòkè bọ̀. Bí ìka bá tutù tàbí tó kú tipiri, kí wọ́n tú u kíá. Ibi tí ìjà máa ń wà ni ọ̀rọ̀ omi gbígbóná, Aboniki àti wíwọ́. Kò gbà wọ́n láàyè fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó já ṣì ń sun ẹ̀jẹ̀ sínú: ooru á tún ṣí wọn, wíwọ́ á tún ya wọ́n, ẹsẹ̀ á wá wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ gbọ́ èyí rárá.

Èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe ni ti ìparí: kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ náà nìkan dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, lójú lílà, kí wọ́n tó máa dijú ṣe é. Bí ìrora bá ti lọ, wọ́n ti wọ bàtà nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣan tó so eegun pọ̀ kò tíì mọ ibi tí ilẹ̀ wà, ẹsẹ̀ kan náà á sì tún rọ́.

Ẹni tí orí rẹ̀ bá gbá orí ẹlòmíràn kò ní padà wọlé lọ́jọ́ náà, ì báà máa búra pé ara òun ti yá. Bó bá bì, tó ń tòògbé ṣáá, tàbí tí orí fífọ́ náà ń le sí i, ilé ìwòsàn ńlá ni.

Fáìlì kan náà ni ti bàbá, ìyá àti ọmọ, èyí sì wúlò ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Dókítà tó ti mọ̀ pé ọgbẹ́ inú ń yọ ènìyàn lẹ́nu kò ní kó oògùn ìrora ibuprofen fún un. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé rẹ̀ ń wọn tirẹ̀ kí sáà ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. 140/90 sókè, ó di kí wọ́n tún un wọ̀n.

Ibi tó kù sí rèé. Aago méjì ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń tilẹ̀kùn, aago mẹ́rin sì ni bọ́ọ̀lù àdúgbò ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ń rọ́, dókítà náà ti wà lórí pápá tirẹ̀, ọjọ́ Sunday sì jẹ́ ti ìyàwó àti ọmọ, kì í gbé fóònù. A kò lè bá a wí. Roger Bannister, ọmọ Ìlú Ọba tó kọ́kọ́ sáré máìlì kan láì pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1954, fi eré sílẹ̀ lọ́dún náà kó lè gbájú mọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹni tiwa kò fi tirẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó mọ bándéèjì í dì ló yẹ kó fi síbẹ̀ títí di aago méje. Kílínììkì náà kò ní ẹ̀rọ X-ray, kò sì ní èyí tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí. Ti ìkejì yẹn ló burú, nítorí ọkàn tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró kì í dúró de ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ló dáa kí ẹgbẹ́ lọ rí i, nítorí èrò kì í pọ̀. Bí àgbà agbábọ́ọ̀lù bá wà nínú yín, ẹ ní kí dókítà náà kọ́ yín ní àyà títẹ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró: ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ gbé kúlà yìnyín dání lọ sí pápá kí rẹfirí tó fọn fèrè. Iyán kò sì gbọdọ̀ wọnú láàárín wákàtí mẹ́ta ṣáájú eré. L'Ékìtì, òfin yẹn ló le jù.