PS4, PS5, Xbox Series S àti Switch: èwo ló tó owó ẹ̀ fún wa ní Ìlọrin?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, torí kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan ò ní pè mí nípa ẹ̀rọ géèmù pé "ẹ̀gbọ́n, owó díẹ̀ ti wọlé, ṣé kí n ra PS5 ni àbí kí n lọ mú Xbox?" Mo ti ń gbá géèmù látìgbà tí PS2, ìyẹn PlayStation kejì ti Sony, ti wà nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Pákátà, mo ti ní Xbox 360 rí, PS4 Slim, ìyẹn PS4 tó tẹ́ẹ́rẹ́, ló wà lọ́wọ́ mi láti 2021 títí dòní, mo lo Xbox Series S fún oṣù mẹ́rin gbáko kí n tó tà á, mo yá Switch àbúrò ìyàwó mi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, PS5 sì wà nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Fátè tá a ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ Sátidé. Ojú mi ló tó gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti owó ọjà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní sùúrù, owó géèmù á wálẹ̀ bá yín ni. PS2 jáde ní Amẹ́ríkà ní dọ́là 299 lọ́dún 2000, nígbà tó fi máa di 2009 ó ti di 99. PS4 bẹ̀rẹ̀ ní 399 lóṣù kọkànlá 2013, nígbà tí Slim jáde ní 2016 ó ti di 299. Ọ̀rọ̀ ti wá yí padà báyìí. PS5 tó bẹ̀rẹ̀ ní 499 lọ́dún 2020, wọ́n tún gbé e sókè sí bíi 550 ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹjọ 2025, Xbox Series S tó jẹ́ 299 nígbà tó jáde náà, bíi 400 ló parí ọdún 2025 sí. Ẹ wá ro ti náírà wa mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun máa dúró kí PS5 wálẹ̀, láti 2022 ló ti ń dúró, owó tí ì bá fi rà á nígbà yẹn kò lè ra ìdajì ẹ̀ mọ́ báyìí. Nítorí náà, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dúró de owó tó máa wálẹ̀.

Àmọ́ iye tẹ́ ẹ san ní ṣọ́ọ̀bù, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ohun tẹ́ ẹ máa máa san lẹ́yìn ìyẹn ló ń jẹ owó, sìídì, dátà, iná, pàádì tó bá bàjẹ́, gbogbo ẹ̀. Tí mo bá sì fi gbogbo ẹ̀ papọ̀, PS4 Slim tòkunbọ̀ tó ní ibi tí wọ́n ń ti sìídì sí ló ṣì tó owó ẹ̀ jù fún èèyàn tó ń gbé níbí, mo sì máa sọ ìdí ẹ̀.

Sìídì ni ìdí àkọ́kọ́. Mo ra FC 24, géèmù bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ FIFA tẹ́lẹ̀, ní tuntun ní Táíwò Ìsàlẹ̀ ní 48,000 náírà, mo gbá a fún oṣù mẹ́fà, mo tà á fún ọmọ Unilorin kan ní Òkè-Odò ní 25,000. Ẹ ṣírò ẹ̀, 23,000 lóṣù mẹ́fà, kò tó 4,000 lóṣù kan. Owó wo lẹ fẹ́ ná tí ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ bá ń lọ sí géèmù sẹ́ńtà lójoojúmọ́? Yàtọ̀ síyẹn, àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe é ládùúgbò, oníkálukú á ra sìídì tiẹ̀, tó bá ti parí ẹ̀ á gbé e fún ẹlòmíì. Lọ́dún tó kọjá èmi fúnra mi sìídì méjì péré ni mo fowó mi rà, àmọ́ géèmù mẹ́jọ ni mo gbá. Àbúrò mi wà ní Ọ̀ffà, tó bá fẹ́ sìídì kan lọ́dọ̀ mi, mo máa ń lọ sí gáréèjì Ọ̀ffà ní àárọ̀, màá wé e sínú láílọ́ọ̀nù, màá fún dírẹ́bà tí mo mọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti ń pè mí pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́, ó ti ń gbá a.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ní Series S. Series S ò ní ojú sìídì rárá, gbogbo géèmù ẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wá. Ẹnìkan tó ń ta géèmù lórí fóònù sọ fún mi pé tí mo bá ra ti àkáǹtì tá a jọ ń lò, màá rí géèmù bọ́ọ̀lù àti méjì míì ní ìdá mẹ́ta owó ẹ̀. Mo san án. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí oṣù mẹ́ta, ọjọ́ kan mo dé láti ibi iṣẹ́, mo tan géèmù, ló bá ní kí n tún páàsìwọ́ọ̀dù tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Mo pe ọkùnrin náà, fóònù ẹ̀ ò lọ. Géèmù mẹ́ta, kò sí ọ̀kan lọ́wọ́ mi mọ́, kò sì sí ohun tí mo lè gbé lọ sí ọjà pé kí wọ́n bá mi tà. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe owó nìkan, eré tí mo ti gbá dé sísọ́ọ̀nù kẹrin wà nínú ẹ̀. Sìídì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín. Tó bá ti wà nínú pálí ẹ̀ lórí àga, tiyín ni.

Dátà náà ńkọ́. Géèmù bọ́ọ̀lù kan lè ju 40GB lọ, àwọn géèmù ìbọn kan ju 100 lọ. Wọ́n kọ 512GB sára Series S, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ máa rí lò nínú ẹ̀, 364GB ni, géèmù ńlá márùn-ún sí mẹ́fà ti kún un, tẹ́ ẹ bá pa ọ̀kan rẹ́ kẹ́ ẹ lè gbé òmíì wọlé, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbá èyí tẹ́ ẹ pa, dátà tún ni. Dátà òru ni mo ń lò, màá ṣètò ẹ̀ ní agogo méjìlá, màá sùn, tí wọ́n bá mú iná lọ láago méjì, ó di òru ọjọ́ kejì. Ó gbà mí ní òru mẹ́ta láti gbé géèmù kan ṣoṣo wọlé. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ ṣá, PS4 náà ń bèèrè dátà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ti sìídì sí i, torí àtúnṣe tí wọ́n máa ń fi kún un, àmọ́ ẹ lè fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbá a lọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ géèmù ló gbà bẹ́ẹ̀.

N ò sọ pé Series S ò dáa o. Ó kéré, kì í pariwo, géèmù ń ṣí wéré, àwòrán ẹ̀ mọ́ ju ti PS4 lọ. Tẹ́ ẹ bá ní wáífáì tí ò lópin nílé, bóyá ibi iṣẹ́ ló ń san án fún yín, ẹ lọ rà á, kò sí tuntun tó kéré lówó jù ú lọ nínú àwọn géèmù ayé ìsinsìnyí. Ohun míì tó bí mi nínú lára ẹ̀ ni pé bátìrì kéékèèké méjì bí ti rìmóòtù ni pàádì ẹ̀ ń lò, àwa tá a máa ń gbá géèmù ní wákàtí mẹ́ta mẹ́rin, ẹ máa ra bátìrì títí àyàfi tẹ́ ẹ bá ra èyí tó ṣeé ṣáájì.

Ó kan iná. Mo ra nǹkan kékeré kan tí wọ́n máa ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń fi iye wọ́ọ̀tì hàn, mo sì gbé e káàkiri. PS4 Slim mi máa ń wà láàárín 75 sí 90 wọ́ọ̀tì tá a bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Series S bíi 70. Switch tó wà lórí ìdúró ẹ̀, kò ju 10 sí 15 lọ. PS5 ti ọ̀rẹ́ mi, 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ 200Ah ni mo ní, n kì í jẹ́ kó lọ ju ìdajì lọ kó má baà tètè kú. Pẹ̀lú TV 32 íǹṣì, PS4 á bá mi lò tó wákàtí mẹ́jọ, PS5 á fẹ́rẹ̀ẹ́ má pé mẹ́rin, a ti gbé e wá sílé mi rí lọ́jọ́ kan tí iná ò sí, nígbà tí ìdíje wa dé sẹmi fáínàlì ni ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ẹni tó bá jẹ́ jẹ́nẹ́ ló ń tàn, ẹ lọ mọ iye epo tó wà nínú ìyàtọ̀ yẹn.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ ra ti àtijọ́, PS2 tàbí Xbox 360 tó ti Amẹ́ríkà wá, iná 120 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ, tiwa níbí bíi 230 sí 240 ni, tẹ́ ẹ bá kì í bọ ògiri tààrà ó ti jó nìyẹn. Bọ́ọ̀lù tuntun ò sì jáde fún wọn mọ́, FIFA 14 ló kẹ́yìn lórí PS2, FIFA 19 ló kẹ́yìn lórí Xbox 360 àti PS3. PS4 ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀, FC 26 tó jáde ní 2025 ṣì wà fún un, ọdún kejìlá lẹ́yìn tí géèmù fúnra ẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n PS4 ní ọ̀tá kan níbí, eruku. Ọyẹ́ tó kọjá, tèmi bẹ̀rẹ̀ sí hó bí ẹ̀rọ ìlọta, tá a bá gbá bọ́ọ̀lù dé ìdajì á kọ ọ́ sójú TV pé ó ti gbóná jù, á kú. Mo gbé e lọ bá Alfa kan tó ń tún géèmù ṣe ní Táíwò. Ó tú u níwájú mi. Eruku pupa ti dì mọ́ abẹ́ fáànù bí òwú tí wọ́n rẹ sínú osùn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó bọ́ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà tó wá dé ibi ọkàn ẹ̀ gan-an, páàsìtì tó yẹ kó máa gba ooru kúrò lára ẹ̀ ti gbẹ pátápátá, ó ń fọ́ bí èépá. Ó fi spirit àti òwú nù ún títí tó fi ń dán, ó wá tẹ tuntun sí i, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan péré. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ̀ ń gbé e sí?" Mo ní ilẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ TV. Ó ní, "Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń gbálẹ̀, inú ẹ̀ lẹ̀ ń gbá a sí." 6,000 ni mo san fún un, orí tábìlì ló wà látìgbà náà, kò hó mọ́.

Switch, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Fún ẹni tó ní ọmọ kékeré tàbí tó máa ń rìnrìn àjò, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ mi gbá Mario Kart títí ojú wọn fi pọ́n, iná lọ wọn ò tiẹ̀ mọ̀ torí ó ní bátìrì tiẹ̀. Àmọ́ owó géèmù Nintendo, àwọn tó ṣe Switch, kì í wálẹ̀, èyí tó ti jáde láti 2017 ṣì ń wọ́n, àti pé ẹni mélòó lẹ mọ̀ ní Ìlọrin tẹ́ ẹ lè bá pààrọ̀? Èmi mọ ẹnìkan. Bọ́ọ̀lù orí ẹ̀ náà, láti FIFA 19 dé 23 géèmù kan náà ni wọ́n ń tà, jẹ́sì àti orúkọ àgbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pààrọ̀.

PS5 wá ńkọ́? Òun ló dáa jù nínú gbogbo wọn, kò sí àríyànjiyàn. Pàádì ẹ̀ nìkan, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù sí òpó. Sìídì PS4 yín fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ tán, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ ti kó jọ ò ṣòfò. Géèmù GTA VI, PS5 àti Xbox Series ni wọ́n kéde ẹ̀ fún, kò sí ti PS4. Tówó bá wà, tí sólà yín sì lágbára, ẹ rà á, ṣùgbọ́n èyí tó ní ojú sìídì ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyàtọ̀ owó díẹ̀ fà yín lọ sí digital, èyí tí ò ní ojú sìídì. Pàádì PS4 tẹ́ ẹ ní, kò lè gbá géèmù PS5, ẹ fi owó pàádì kejì kún un látilẹ̀.

Ẹni tó bá wá fẹ́ lọ ra PS4 Slim tòkunbọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú sìídì kan dání láti ilé, ẹ má gba sìídì tọ́wọ́ wọn. Ẹ ti ti bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún ti í bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ di ọ̀pá pàádì méjèèjì mú, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹni tó wà lórí pápá ṣì ń rìn fúnra ẹ̀. Ẹ gbá odindi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, ẹ gbé ọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, kẹ́ ẹ sì máa gbọ́ fáànù. Èyí tí mo bá àbúrò ọ̀rẹ́ mi rà lóṣù tó kọjá, àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá ò gba sìídì lẹ́ẹ̀kejì, ìkejì ń hó, ìkẹta la gbé wálé.