Lókè Òfurufú Ni Tàbí Lẹ́nu Ọ̀nà Ìlú?
Níbo ló ti nira jù láti fọ́ mísáìlì balístíìkì, ìyẹn ohun ìjà tí wọ́n máa ń yìn sókè kí ó tó já bọ́ sórí ibi tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ: lókè ni, tàbí nígbà tó bá ń já bọ́? Bí a bá fẹ́ fọ́ ọ nígbà tí ó ṣì wà ní gbalasa òfurufú, èyí tí Amẹ́ríkà tìtorí rẹ̀ gbé mísáìlì adènà 44 kalẹ̀ sí Alaska àti California, àyè díẹ̀ wà láti múra. Ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, bàlóònù ẹ̀tàn tó fúyẹ́, tí ọ̀tá fi ń tan adènà jẹ, a máa sáré bákan náà pẹ̀lú àdó olóró gidi. Lẹ́nu ọ̀nà ìlú, nígbà tí mísáìlì bá ti ń já bọ́, afẹ́fẹ́ ayé a gbá ẹ̀tàn dànù bí àwọn ìyá wa l'Ákùúrẹ́ ṣe ń fẹ́ ìyàngbò, àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù, adènà tó sì ń ṣọ́ Àkúrẹ́ lè má dé Ọ̀wọ̀. Lójú tèmi, ti òkè ló nira jù, nítorí pé ẹ̀tàn kò wọ́n rárá.